Ẹkùn ìdìbò tó ti parẹ́ àti àwọn tó ṣojú rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, fún ẹ̀yin àbúrò wa ní Òṣogbo

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn tàbí ìmọ̀ ìṣèlú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ lọ kọ ìtàn àwọn tó ti ṣojú Òṣogbo nílé aṣòfin, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí a ká orúkọ jọ: lágbájá ṣe é lọ́dún báyìí, tàmẹ̀dù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún báyìí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń wọ́. Ìlú yàtọ̀ sí ẹkùn ìdìbò. Òṣogbo ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìbò, ó sì wà títí dòní, ṣùgbọ́n ẹkùn tí àwọn ará ìlú fi ń dìbò ti kú, òmíràn sì ti dípò rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín 1951 sí 1999. Òfin ló ń bí ẹkùn, òfin náà ló ń pa á. Ẹ wá ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ọjọ́ ikú rẹ̀ ná, kí ẹ tó béèrè ẹni tó jókòó lórí àga rẹ̀.

Ẹ mú un láti 1951. Ìbò ọdún yẹn kì í ṣe irú èyí tí a ń dì lónìí. Àwọn ará àdúgbò yan àwọn kan, àwọn yẹn tún jókòó láti yan àwọn tí yóò lọ sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn, níbi tí àga 80 wà fún àwọn tí wọ́n yàn. Kò sí ẹkùn kan tó ń jẹ́ ti Òṣogbo nìkan nígbà náà. Abẹ́ ẹkùn ìṣàkóso Ọ̀ṣun ni ìlú wa wà, Òṣogbo sì ni olú rẹ̀. Ẹkùn ìṣàkóso yìí kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní o. Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà báyìí. Ifẹ̀ àti Iléṣà kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n wà báyìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí orúkọ S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn tí Ọ̀ṣun rán lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ààlà ìgbà yẹn á rò pé àṣìkọ ni, á sì pa orúkọ náà rẹ́. Bákan náà, bí ẹ bá rí orúkọ Ọ̀ṣun tí wọ́n so Àríwá tàbí Gúúsù tàbí Àárín Gbùngbùn mọ́ nínú ìwé àtijọ́, ẹ má fi wé Ọ̀ṣun Àárín Gbùngbùn tí sẹ́nétọ̀ ń ṣojú fún lónìí, èyí tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 10, láti Òṣogbo títí dé Ìlá.

Ohun míì wà nínú ti 1951 tó ń da ọ̀pọ̀ rú. Ilé tó wà n'Ìbàdàn ló ń yan àwọn tí yóò lọ sí Ilé Aṣojú Àpapọ̀ ní Èkó, láti inú ara wọn. Ẹnì kan náà lè jókòó nílé méjèèjì, kò sì sí ẹkùn àpapọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ti Nnamdi Azikiwe. Èkó wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ó sì ní àga 5 n'Ìbàdàn. Azikiwe wọlé pẹ̀lú Adélékè Adédoyin, Olórunnimbe, T. O. S. Benson àti H. P. Adébọ́lá. Méjì péré nínú àwọn márùn-ún ló lè lọ sí àpapọ̀, Azikiwe kò sì sí nínú àwọn méjì tí Ilé yàn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Azikiwe ṣojú Èkó nílé àpapọ̀ ní 1952 ti ṣìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni pé ó wọlé ìbò.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ẹgbẹ́ ní ọdún yẹn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ ìlú wọn tàbí ní òmìnira, tí ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group ti Awólọ́wọ̀) àti NCNC (ẹgbẹ́ Azikiwe), sì ń pè ní tiwọn nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ará Ìbàdàn ni àwọn mẹ́fà tó wọlé n'Ìbàdàn. Nígbà tí Ilé máa ṣí ní oṣù kìíní 1952, márùn-ún ti bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lọ, Adégòkè Adélabú nìkan ló kù lọ́dọ̀ NCNC. Nítorí náà ìlà méjì ni kí ẹ fà fún ẹgbẹ́: èyí tó fi wọlé, àti èyí tó jókòó sí. Bí ẹ bá fi ìlà kan ṣoṣo mọ, ẹ ti dá ẹjọ́ kan tí àwọn àgbà òṣèlú kò tíì parí.

Láti 1954 ni ìbò tààrà fún ilé àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn ní àga 42, NCNC mú 23, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú 18. Ìbò ilé Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún 1956, lórí àga 80, tí Ọlọ́pẹ fi mú 48. Ní 1959, wọ́n tún gbogbo ààlà fà: àga ilé àpapọ̀ di 312, ti Ìwọ̀-Oòrùn di 62. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò ní 1963, tí wọ́n sì ka ènìyàn, wọ́n tún un pín fún ìbò 1964: 57 fún Ìwọ̀-Oòrùn, 14 fún Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. 57 àti 14 jẹ́ 71, tó ju 62 àtijọ́ lọ ní 9. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé orúkọ ẹkùn kan lè wà nínú ìwé 1959 àti ti 1964, kí ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ má jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ fi àwọn ìlú àti àwọn wọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ wé ara wọn kí ẹ tó sọ pé ẹkùn kan náà ni.

Òfin àwọn ológun ti oṣù kìíní 1966 ló pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà yẹn títí di 1979, kò sí ẹni tó jẹ́ aṣojú Òṣogbo nílé aṣòfin kankan. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ìsìnkú pé bàbá kan jẹ́ aṣojú ní 1978, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin ìlú ni wọ́n ń sọ, èyí tó jókòó ní 1977 sí 1978. Irú rẹ̀ tún wáyé ní 1988 sí 1989, àti ní 1994 sí 1995. Iṣẹ́ ńlá ni, ó yẹ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga ilé aṣòfin.

Ní 1979, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, tó kó Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun òde òní pọ̀, ní àga 42 nílé aṣojú àpapọ̀. Òfin ìlú ní kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn 126. Sẹ́nétọ̀ 5 ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, kì í ṣe 3. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn wọ̀nyẹn tó wà mọ́ bó ṣe wà.

Èyí tó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òṣogbo fọwọ́ mú jù ni ti 1992, nítorí pé ó kúrú, ààlà rẹ̀ hàn gbangba, ó sì dùn ún parí. Ọ̀ṣun ti di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991. Nígbà tí ìbò ilé aṣojú dé ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1992, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹkùn kan, tí gbogbo àga fi di 593 jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ méjì péré ló wà, SDP àti NRC. Ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 1992 ni wọ́n ṣí ilé náà, Abacha sì tú u ká ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1993. Kò pé ọdún kan. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, àga 593 ti di 360, wọ́n sì so Òṣogbo, Olórundá, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Orólù pọ̀ sábẹ́ aṣojú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá to àwọn aṣojú 1992 sórí ìlà kan náà pẹ̀lú ti 1999, bí ẹni pé àga kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, ti parọ́ fún òǹkàwé láìmọ̀. Tábìlì méjì ni kí ẹ yà, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sáàárín wọn.

Ọjọ́ tún wà tó ń tan ni jẹ. Láti ìbò 1992 títí di ìgbà tí ilé ṣí, oṣù márùn-ún ni. Ọjọ́ tó búra ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sáà aṣojú, ọjọ́ ìbò sì ní àyè tirẹ̀. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ bí ẹ bá dé ọ̀rọ̀ 1998. Wọ́n dìbò sí àwọn ilé aṣòfin àpapọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún náà, Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, wọ́n sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wọlé, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọn kò jókòó lórí àga rí. Ẹ má sọ wọ́n nù o, ẹ kọ wọ́n sábẹ́ àkọlé ọ̀tọ̀.

Àtúndì ìbò ni ibi tí orúkọ ti ń sọnù jù, nítorí pé ìwé tó ń ka èsì ìbò gbogbogbò nìkan kò ní mú un. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa ni Ọ̀ṣun Ìwọ̀-Oòrùn. Isiaka Adélékè wọlé ní 2015, ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 2017, àbúrò rẹ̀ Adémọ́lá sì wọlé nínú àtúndì ìbò ọjọ́ 8 oṣù keje. Ẹni tó bá ka 2015 àti 2019 nìkan kò ní rí Adémọ́lá rárá. Bàbá wọn, Ayọ̀ọlá Adélékè, náà ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ láyé ìjọba alágbádá kejì, lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mẹ́ta ni "Sẹ́nétọ̀ Adélékè", àga bàbá kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó lé. Orúkọ àbísọ àti ọdún gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn nígbà gbogbo. Irú rẹ̀ wà láyé àtijọ́ pẹ̀lú: Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, ìbò gbogbogbò sì ṣì jìnnà.

Níbo lẹ máa wá a sí? Gásẹ́ẹ̀tì ìjọba ni kí ẹ fi ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni òfin tó dá ẹkùn sílẹ̀, àwọn ìlú tó wà nínú rẹ̀ àti èsì ìbò wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin, tí ẹ fi máa mọ ẹni tó búra àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ìwé ìròyìn ló kẹ́yìn: ó dára fún ẹjọ́ ìbò àti fún ikú, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹgbẹ́. Ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pamọ́ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ yín dání, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé, ẹ má gbé báírò sún mọ́ fáìlì. Ẹ wo kátálọ́ọ̀gì kí ẹ tó béèrè, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì àti ojú ìwé sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí fáìlì tí ẹ kò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ò lè fi ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òyìnbó kọ ìlú wa ní "Oshogbo", wọ́n sì kọ odò wa ní "Oshun". Bí ẹ bá fi "Osogbo" nìkan wá a, ẹ ó fi ọwọ́ òfo padà.

Àwọn àgbà ṣì wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun àti ní Òkè-Baálẹ̀ tí wọ́n mọ ohun tí ìwé kò mọ̀. Ẹ má bi wọ́n ní ọdún. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá ṣáájú wẹ́tìẹ̀ (rògbòdìyàn ìṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn ṣáájú ìjọba ológun 1966) ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ọ̀pẹ (àmì Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ) ni wọ́n tẹ̀ àbí àkùkọ (àmì NCNC), bóyá Bọ́lá Ìgè ti di gómìnà ní 1979. Ìdáhùn yẹn ló máa ń bá ìwé mu. Bí wọ́n bá sì pe ẹnì kan ní "Ọnárébù", ẹ bi wọ́n ilé tó wọ̀: àwọn kánsẹ́lọ̀ ń jẹ́ Ọnárébù, àwọn kọmíṣánnà náà ń jẹ́ ẹ. Ìwé ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ a máa fi oyè yìí sáájú orúkọ láìsọ ilé, nítorí náà ẹ lò ó láti mọ ibi tí ẹ máa wá, kì í ṣe láti fi parí ọ̀rọ̀.

Fún ààlà, ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù àtijọ́ sápá òsì, èyí tó wà báyìí sápá ọ̀tún. Wọ́ọ̀dù a máa yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti agboolé tí wọ́n ti ń dìbò kì í sábà kúrò níbi tí wọ́n wà. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ fi so òsì mọ́ ọ̀tún. Ẹ rántí pé ìlú Òṣogbo pín sí ìjọba ìbílẹ̀ méjì báyìí: ti Òṣogbo fúnra rẹ̀, àti Olórundá tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìgbóǹnà, nínú ìlú kan náà. Agboolé kan lè wà nínú Òṣogbo àtijọ́, kó sì wà lábẹ́ Olórundá lónìí.

Káàdì kan ni kí ẹ ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ilé tó wọ̀, orúkọ ẹkùn bí gásẹ́ẹ̀tì ṣe kọ ọ́ gan-an, ọjọ́ ìbò, ọjọ́ ìbúra, ẹgbẹ́ nígbà ìbò àti lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ tó kúrò àti ohun tó mú un kúrò, àti ibi tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ "ó parí sáà rẹ̀" fún ẹni tí àwọn ológun lé jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983, nígbà tí sáà tuntun kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Bí ilé ẹjọ́ bá gba àga lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì ni kó ní káàdì, kí ọjọ́ ìdájọ́ sì wà lórí méjèèjì. Ibi tí ìwé méjì bá ti tako ara wọn, ẹ kọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sọ èyí tí ẹ gbà gbọ́ àti ìdí tí ẹ fi gbà á. Bí ẹ bá parí, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ilé ìkàwé yunifásítì yín, kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ àti ìbátan àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn, kí wọ́n lè tún àṣìṣe orúkọ ṣe nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.