Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe sí dátà ilẹ̀ àti òjò kí AI tó rí i

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ fẹ́ fi dátà ọ̀fẹ́ kọ́ AI kó lè dá oko àgbàdo mọ̀ yàtọ̀ sí oko ẹ̀gẹ́, láti Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, ẹ fi model, ìyẹn ètò AI fúnra rẹ̀, sílẹ̀ ná. AI kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni. Nọ́ńbà tí ẹ bá gbé fún un ló máa gbé mì, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òjò bẹ̀rẹ̀. CHIRPS, dátà òjò ọ̀fẹ́ kan tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1981, ń ka òjò ní mìlímítà. Mítà ni ERA5-Land, dátà ojú ọjọ́ ọ̀fẹ́ míì, fi ń kà á, nítorí náà 0.012 tiẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12. Àròpọ̀ sì ni nọ́ńbà wákàtí kọ̀ọ̀kan níbẹ̀: gbogbo òjò tó ti rọ̀ láti 00:00 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tún ro wákàtí 24 pọ̀ á sọ òjò wẹliwẹli di ọ̀gbàrá. Nọ́ńbà 00:00 ọjọ́ kejì nìkan ló tó fún òjò àná. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, sì ni aago yẹn, ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Òjò tó rọ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo ní 12:30 òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ajé ló máa bọ́ sí nínú fáìlì.

Òdo yàtọ̀ sí àlàfo o. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ ni 0. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n, àlàfo ni. Ẹni tó bá fi 0 dí àlàfo oṣù kẹjọ ti dá ọ̀dá sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fura, torí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ wa lóṣù náà. Fáìlì míì ń fi -9999 ṣe àmì àlàfo. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kí ẹ tó yí ìwọ̀n pixel (ẹyọ ojú kékeré kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán) padà, torí bí kọ̀ǹpútà bá ro -9999 àti 41 pọ̀, tó pín in sí méjì, -4979 ló máa mú jáde, kò sì sí ètò tó máa dá ìyẹn mọ̀ bí àlàfo mọ́.

Sentinel-2, sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, ló máa jẹ àkókò yín jù. Láti ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi 1000 kún nọ́ńbà inú àwòrán tuntun. Ẹ mú oko kan tó ní 3000 ní band 8 (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí) àti 1000 ní band 4 (ìmọ́lẹ̀ pupa). NDVI rẹ̀, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ bí ewé ṣe pọ̀ tó, jẹ́ ìyàtọ̀ wọn, 2000, tí a fi àròpọ̀ wọn, 4000, pín: 0.5. Oko kan náà, ewé kan náà, lẹ́yìn ọjọ́ yẹn á di 4000 àti 2000, NDVI á sì já wá sí 0.33. AI á kọ́ pé nǹkan bàjẹ́ lóko lọ́dún 2022. Ẹ yọ 1000 yẹn kúrò, kí ẹ tó fi 10000 pín ìyókù. Àmọ́ àwọn ibòmíì ti bá yín yọ ọ́. Earth Engine, ibi tí Google kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí, ń pe tiẹ̀ ní Harmonized. Láti mọ̀, ẹ wo àárín omi ìsédò Asà ní Ìlọrin, níbi tí koríko kò bò. Omi máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ band 8 mì, nítorí náà ó yẹ kí nọ́ńbà ibẹ̀ kéré. Tó bá ń fò kọjá 1000 nínú gbogbo àwòrán tuntun, 1000 náà ṣì wà níbẹ̀.

SCL, fáìlì Sentinel-2 tó ń fi nọ́ńbà sọ ohun tó wà ní pixel kọ̀ọ̀kan, ni ẹ máa fi yọ ìkùukùu (8, 9, 10) àti òjìji rẹ̀ (3). Mítà 20 ni pixel tirẹ̀, 10 ni ti band 8. Nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ di 10, ẹ lo nearest, tó ń mú nọ́ńbà pixel tó sún mọ́ jù, ẹ má lo bilinear, tó ń wá agbedeméjì àwọn pixel tó yí i ká. Nọ́ńbà 4 jẹ́ ewé, 6 jẹ́ omi. Agbedeméjì wọn, 5, jẹ́ ilẹ̀ tí nǹkan kò hù sí. Báyìí ni etí odò ṣe máa ń di aṣálẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ní ti oko fúnra rẹ̀, àárín oko ni kí ẹni tó ń mú ipò rẹ̀ dúró sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Kó kọ ọjọ́ tó débẹ̀. Bí iṣu àti àgbàdo bá jọ wà, "àpapọ̀" ni kó kọ. Kó má fipá mú un sí ọ̀kan. Máàpù àtijọ́ tó bá wà lórí Minna (ìlànà ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà àtijọ́), ẹ yí i sí WGS84 (èyí tí GPS ń lò) kọ́kọ́, kí ẹ wá lo UTM 31N (tó ń fi mítà ka ipò) fún agbègbè wa. Bí ẹ bá gbàgbé, oko á fi bí 100 mítà kúrò ní ipò rẹ̀, ìyẹn pixel mẹ́wàá.

Èyí tó kù ni ibi tí a ti máa ń tan ara wa jẹ jù. Bí ẹ bá kàn po gbogbo pixel pọ̀, tí ẹ ṣà díẹ̀ fún ìdánwò, pixel ìdánwò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pixel ẹ̀kọ́ nínú oko kan náà. Máàkì á ga, AI kò sì mọ nǹkan kan. Ẹ fi odidi ìlú pamọ́: ẹ fi Ọ̀fà àti Àjàṣẹ́ kọ́ ọ, kí ẹ fi Òmù-Àrán dán an wò. Máàkì á wálẹ̀. Èyí tó wálẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ síta. Inú dátà ẹ̀kọ́ nìkan sì ni kí ẹ ti ṣírò mean (àròpọ̀ nọ́ńbà tí a fi iye wọn pín) tí ẹ máa fi tún nọ́ńbà tò.

Nínú README, ìyẹn fáìlì àlàyé tó ń bá dátà rìn, ẹ kọ ibi tí fáìlì ti wá, version rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ wà á jáde, ìwọ̀n, aago, àmì àlàfo àti àṣẹ ìlò. Àṣẹ ti OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń jọ yà, ní kí ẹni tó bá tún dátà rẹ̀ ṣe tó sì gbé e síta fi í sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà, nítorí náà ẹ má da ìyẹn mọ́ dátà tí ẹ kò fẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn àgbẹ̀ kúrò kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín.