Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ti pé ọdún 9

Àwọn adójútòfò pè mí láàárọ̀ yìí: kí n máa san pọ́ùn 8 lóṣooṣù lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ mi ní London níbí, kí wọ́n lè bá mi tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Pọ́ùn 96 lọ́dún nìyẹn, lórí ẹ̀rọ tí mo ra ní 250!

Mo lọ dúró tì í. Bó ṣe ń fún aṣọ, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, omi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láti kékeré àwọn ọmọ mi ló ti ń fọ aṣọ wọn.

Ìwé àdéhùn wọn ní àwọn kì í sanwó ohun tó ti bàjẹ́ kéèyàn tó forúkọ sílẹ̀. Omi tó ń kán yìí wá ńkọ́? Mo ní mi ò ṣe. Màá máa tọ́jú pọ́ùn 8 náà fúnra mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni wọ́n ti bá tún tiẹ̀ ṣe rí?