Ẹ kọ́kọ́ sọ ìdí tí ẹ fi dá a dúró

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ojú títì ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ aṣọ yìí, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò jalè, tí kò pa èèyàn, tí ẹ kàn dá dúró ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àyà onítọ̀hún ti já kó tó rí ojú yín. Aṣọ ló kọ́kọ́ rí. Awakọ̀ kan tí mo dá dúró lálẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ìwé ọkọ̀ já bọ́ sábẹ́ àga. Mo gbé iná tọ́ọ̀ṣì kúrò lójú rẹ̀, mo ní, "Ẹ kú alẹ́ o, sà. Iná ẹ̀yìn yín lọ́wọ́ òsì ló kú, ìdí tí mo fi dá yín dúró nìyẹn." Bó ṣe mí kanlẹ̀, mo gbọ́ ọ níta. Mo já ìwé ìtanràn fún un, ó gbà á, ó tún ní ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tom Tyler ní Amẹ́ríkà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a ṣe bá èèyàn lò ló máa ń wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju ibi tí ọ̀rọ̀ já sí lọ: ṣé wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, ṣé wọn ò ṣojúsàájú. Ní Queensland ní Ọsirélíà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá tó ń yẹ èémí awakọ̀ wò nítorí ọtí, pé kí wọ́n máa sọ ọ́ fún awakọ̀, àwọn awakọ̀ sì sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá náà ní rere. Wọ́n gbé e dé Scotland, kò rí bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé àkọ́sórí ò ju àkọ́sórí lọ. Ẹni tó ń béèrè ìwé tó ń rẹ́rìn-ín bí ère, ẹ̀rù rẹ̀ á ba èmi náà.

"Kí ni mo ṣe?" kì í ṣe àfojúdi. Ẹ dáhùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo là, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: ọlọ́pàá ka ìbéèrè sí ìwọ̀sí, ohùn ròkè, èrò dúró, fóònù yọ.

Ibi tí ẹ ti máa ń bà á jẹ́ jù ni ìparí. Ẹ tú àpò ẹnì kan lójú gbogbo ayé, ẹ ò bá nǹkan kan níbẹ̀, ẹ wá juwọ́ sí i: "Máa lọ!" Wesley Skogan, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́dún 2006: nínú èrò tí èèyàn ní nípa ọlọ́pàá, ìpàdé tí kò dára máa ń wúwo tó ìlọ́po 4 sí 14 ti èyí tó dára. Nítorí náà, ẹ bá a kó ẹrù rẹ̀ padà sínú àpò. Ẹ ní, "Ẹni tí à ń wá wọ irú aṣọ yín ni. Ẹ má bínú, ẹ ṣeun tí ẹ dúró." Bí kò bá dá yín lóhùn, tó kàn fìbínú fa síìpù àpò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má pè é padà torí pé kò kí yín.