Pọ́ùn 20 àti bàbá tó ń ta pátì mọ́tò l'Ájílósun

Ọjọ́ 15 oṣù January tó kọjá, mo wà lápá Fájùyì n'Ádó níbí, go-slow ti dí gbogbo ọ̀nà torí ọjọ́ ìrántí àwọn sójà ni, mo bá yáa gun ọ̀kadà lọ Ajílósun láti lọ ra ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ bàbá Ìgbò kan tí mo ti jẹ́ kọ́sítọ́mà wọn tipẹ́. Bàbá yìí ti wà l'Adó kí wọ́n tó bí mi, wọ́n gbọ́ Èkìtì ju èmi gan-an lọ. Mo kí wọn, mo ní bàbá, ẹ ò lọ wo àwọn sójà ni? Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ yẹn kọ́ ni mo máa ń lọ wòran."

Mi ò tètè lóye. Àṣé ọjọ́ tí Philip Effiong, ọ̀gágun Bìáfíràà, wá túúbá níwájú Gowon tó jẹ́ olórí ìjọba l'Ékòó lọ́dún 1970 la fi ń ṣe ìrántí yẹn.

Gbogbo ọmọ Èkìtì ló mọ ti Fájùyì. Ọmọ Adó ni, gómìnà ni n'Ìbàdàn, Ironsi, ọmọ Ìgbò tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà yẹn, sì ni àlejò tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, 29 July 1966 ni wọ́n kó àwọn méjèèjì tí wọ́n sì pa wọ́n. Ibẹ̀ ni ìtàn tí wọ́n kọ́ wa parí sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nǹkan tójú àwọn èèyàn àlejò yẹn rí lẹ́yìn ogun, ó sì ń dùn mí gan-an.

Gowon ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun, ó sì gbìyànjú, ká sòótọ́. Wọn ò to àwọn ọ̀gágun Bìáfíràà mọ́ ògiri kí wọ́n máa yìnbọn pa wọ́n. Ukpabi Asika, ọmọ Ìgbò tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni wọ́n fi ṣolórí East Central State, ìyẹn ìpínlẹ̀ àwọn Ìgbò nígbà yẹn, títí di 1975, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹni tó bá ti lo àkáǹtì ẹ̀ nígbà ogun, yálà ẹgbẹ̀rún pọ́ùn ló ní síbẹ̀ o, pọ́ùn 20 péré ni wọ́n kà fún un. Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó nígbà yẹn, mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi báyìí, fọ́tò wọn wà ní pálọ̀ wa nílé títí dòní, mo nífẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tó ń gbèjà wọn ní owó Bìáfíràà ò ṣeé ṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ iye tó tó. Mo gbọ́, àmọ́ bàbá olọ́mọ méje tó fi gbogbo ayé ẹ̀ tọ́jú owó, kí ló fẹ́ fi pọ́ùn 20 ṣe? Kò tíì ju ọdún méjì lọ, 1972, ìjọba tún ṣòfin pé káwọn òyìnbó ta ṣíà ilé iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà, ta ló máa lówó ẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọn Ìgbò?

Olọ́mọ méje tí mo sọ yẹn, bàbá tó bí bàbá tó ń ta pátì yìí ni. Wọ́n kọ́lé sí Port Harcourt, ogun dé wọ́n sá lọ sábúlé, ìgbà tí wọ́n padà débẹ̀ wọ́n ní ilé tí wọ́n pa tì ni, ẹlòmíì ti wà nínú ẹ̀. Wọn ò rí i gbà títí wọ́n fi kú.

Bí wọ́n ṣe mú ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan n'Ónítshà nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi sìn ín, kò gba owó oṣù, ìgbà tó parí ọ̀gá fún un lọ́jà àti owó ṣọ́ọ̀bù pé kó máa lọ dá dúró, òun náà á sì mú ọmọ ẹlòmíì. Lójú tèmi, ìyẹn àti owó táwọn ẹgbẹ́ ìlú ń dá láti fi kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ló gbé ilẹ̀ Ìgbò dìde, ó ju gbogbo nǹkan tí ìjọba ṣe lọ.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ bàbá báyìí. Ọ̀kan wá láti Nnewi, ìkejì ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, December ló máa ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Bí mo ṣe ń sanwó ṣọ́ọ̀kì ni bàbá bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ rẹ́ǹtì lápá Ìjìgbò, wọ́n ń wá a fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yẹn.