Òwúrọ̀ kan lójú ogun Ògèdèǹgbé

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí mo ti gun òkè ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kámẹ́rà lọ́rùn, ìrì ti rin ṣòkòtò mi dé orúnkún. Ojú ogun Kírìjí ni mo wá yà, níbi tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ti kó ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ (Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó bá wọn parapọ̀) ko Ìbàdàn lójú. Kò sóhun tó hàn! Kùrukùru bo gbogbo àfonífojì, ojú kámẹ́rà ń la òógùn, mo sì ń fi etí bùbá nù ún. (Ẹ má dán an wò o, ó ti họ tèmi.)

Ìgbà tí oòrùn yọ, òkè kan gbórí sókè, òmíràn tẹ̀lé e, títí lọ síhà Ìgbájọ. Ìró ìbọn àgbá ló sọ ogun náà ní Kírìjí. Lójú tèmi, àwọn òkè yìí á máa gbe ohùn rẹ̀ ni. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà.

Nínú gbogbo àwòrán tí mo yà, ẹyọ kan ló wù mí: àpáta dúdú kan, kùrukùru dé ọrùn rẹ̀. Ìhà Ìgbájọ ló kù tí mo máa yà.