Ẹni tó bá fẹ́ ka International Studies, kó kọ́kọ́ yà sí Sẹ̀mẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé jáde, fóònù mi ò sinmi mọ́. Àwọn àbúrò tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí mo kọ́ ní ìṣirò lẹ́yìn iléèwé ní Ìbẹ̀rẹ̀kò, títí kan ọmọ kan tí mi ò mọ ibi tó ti rí nọ́ńbà mi, ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Àǹtí, Law ni mo béèrè fún, International Studies ni wọ́n fún mi. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀?" Mo ti wà ní ọdún kẹta nínú kọ́ọ̀sì ọ̀hún, tó ń kọ́ni nípa àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn pa pọ̀, kí dátà mi lè ṣẹ́kù.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kọ́ọ̀sì yìí kò ní ilé tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ àwọn onítàn la wà. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó kó lọ sí ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé, a ó jókòó sẹ́yìn, a ó máa ya ìlà tó ń gòkè àti ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Òfin àgbáyé ń bẹ lọ́jọ́ Rú, ìmọ̀ ìṣèlú àti èdè Faransé lọ́jọ́ Bọ̀. Statistics náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Àwọn ọmọ Economics máa ń wò wá bí ẹni tó wá jẹun níbi ìnáwó tí wọn ò pè é sí. Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni pé àwa náà máa ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn nígbà mìíràn.

Òótọ́ kan wà nínú bí wọ́n ṣe ń gàn wá, n kò ní purọ́. Ẹni tó bá wọ kọ́ọ̀sì yìí láìní ọ̀ràn kan pàtó lọ́kàn, bó ṣe wọlé ló máa ṣe jáde, àfi pé ẹnu rẹ̀ á ti gùn sí i. Á mọ díẹ̀ nínú òfin, á mọ díẹ̀ nínú ìtàn, á lè ka àdéhùn Westphalia ti 1648, èyí tó parí ogun ọgbọ̀n ọdún ní Jámánì, lórí láìkólòlò. Ṣùgbọ́n bi í léèrè ìdí tí ìrẹsì fi wọ́n lọ́jà Agbálátà ní Àgbádárìgì níbí, wàá rí i pé òyìnbó ni yóò máa sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Irú wọn wà ní kíláàsì wa, ọ̀rẹ́ mi sì ni wọ́n.

Èmi ò gbọ́n jù wọ́n lọ. Ibi tí wọ́n bí mi sí ló yàtọ̀. Ọmọ Ògù ni màámi, Àjárá ni ilé bàbá tiwọn, àwọn ìbátan wọn sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́ tí àwọn ìwé ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Bí òkú bá kú lọ́hùn-ún, a ó ra aṣọ ẹbí níhìn-ín, a ó gba bodè Sẹ̀mẹ̀ lọ, a ó ṣe gbogbo ètò tán, a ó sì padà. Títí mo fi wọ yunifásítì, mi ò rò ó rí pé ilẹ̀ òkèèrè ni mo ń lọ.

Ìrẹsì ni màámi ń tà nígbà náà. Bó ṣe ń dé ọjà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á bu ìrẹsì sínú kọ́ńgò títí yóò fi ga sókè ṣóńṣó, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì dí etí rẹ̀ kó má dànù, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá, wọ́n á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni oníbàárà ń wò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti bodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ẹ̀kúnwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ra kọ́ńgò bẹ̀rẹ̀ sí í ra dẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, màámi ti kúrò nídìí ìrẹsì, àgbọn àti gàrí ni wọ́n ń tà.

Mo gbé ọ̀ràn yìí dání wọ kíláàsì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí kọ́ọ̀sì aláìnílé yìí ti wúlò fún mi nìyẹn, torí ẹ̀ka kan ṣoṣo ò lè tú u.

Àwọn ètò ọrọ̀ ajé kọ́kọ́ là mí lójú. Ìrẹsì bíbọ̀ tí àwa ń jẹ, àwọn ará Benin fúnra wọn kì í jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Funfun tí wọn ò bọ̀ ni wọ́n fẹ́. Àwa gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí ọkọ̀ òkun ń já sí Kùtọnù ń dúró dè. Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ yọ ìrẹsì kúrò nínú ọjà tí wọ́n ń fún ní dọ́là, ní 2016 ni wọ́n fòfin de gbígbé e wọlé láti orí ilẹ̀. Owó bodè ní Kùtọnù kéré sí ti Àpápá, nítorí náà ìrẹsì ń wọlé síbẹ̀. Epo bẹtiróò tiwa, tí ìjọba ń fowó tì lẹ́yìn nígbà yẹn, náà ń jáde, ìyẹn kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà lọ́hùn-ún. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò pẹ́ rárá tí kpayo náà fi gbówó lórí. Ìpinnu kan ní Abuja, ọlọ́kadà ní Kùtọnù ló ń san án.

Ọ̀rọ̀ séfà (CFA), owó tí wọ́n ń ná ní Benin, náà wà níbẹ̀. Láti 1945 ni Faransé ti dá owó yẹn sílẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ owó tiwọn. Lónìí, séfà 655.957 ni yúrò kan, kì í yẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gé e sí méjì gbẹ̀yìn ni oṣù Kìíní 1994. Náírà ní tirẹ̀, láti oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀, ẹ̀yin náà rí ohun tójú rí. Nígbà tí mo ṣàlàyé eléyìí fún màámi, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi, wọ́n ń bó àgbọn lọ. Wọ́n wá ní, "Ṣé àwọn olùkọ́ yín sọ ọjọ́ tí séfà máa wálẹ̀?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa, máa kàwé lọ."

Àwọn onítàn ló sọ ibi tí ìlà náà ti wá. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé, wọ́n pín àwọn ará ilé kan náà sí méjì: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàṣẹ́ lọ sí ọ̀hún, Àgbádárìgì dúró níhìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì Èkó lórí àwọn èèyàn tí ìlà yìí là láàárín. Èmi gbà pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ ọdún kìíní ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan Westphalia.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀hónú mi kan sí i níbí. Wọ́n kọ́ wa ní gbogbo ogun Yúróòpù àti àdéhùn tó parí wọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ ogun Kírìjì. Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti lo ọdún tó súnmọ́ mẹ́wàá lójú ogun kí àdéhùn tó dé. Ní oṣù Kẹfà 1886, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, Samuel Johnson àti Charles Phillips ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, ìwé sì sọ ọ́ pé àwọn ìlú Èkìtì di òmìnira. Òmìnira, ààlà, alárinà, gbogbo ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Jámánì ló wà níbẹ̀. Mo béèrè ní kíláàsì. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Òfin ló mú mi lórí jù, òun náà ló sì bí mi nínú jù. Ìlú Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀, ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, 1975. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì, kó lo àádọ́rùn-ún ọjọ́, láìgba físà. (Nóòtì tí ẹni tó ṣáájú wa fún mi ní orílẹ̀-èdè 15 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde ní oṣù Kìíní 2025, ẹ yáa tún tiyín kọ.) Bí mo ṣe ka ìwé 1979 yẹn, mo ní ó tán, wọ́n ti rẹ́ màámi jẹ. Olùkọ́ òfin wa ní kí n rọra. Wọ́n ní èèyàn ni ìwé yẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹrù ní ètò tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá gbìn tàbí tí wọ́n ṣe ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ń kọjá láìsan owó bodè. Ìrẹsì Thailand ò lè di ọmọ ilẹ̀ wa nítorí pé ó sùn ní Kùtọnù lóru ọjọ́ kan. Gàrí àti àgbọn màámi ni òfin dá mọ̀. Àwọn tó ń na okùn sójú ọ̀nà láti Sẹ̀mẹ̀ dé Àgbárá ni mi ò tíì mọ ìwé tí wọ́n kà ní tiwọn.

Ẹ wá wò ó. Ní oṣù Kẹwàá 2018, ààrẹ wa àti ti Benin nígbà náà jọ ṣí ilé tuntun ní Sẹ̀mẹ̀, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jókòó pọ̀, kí ọkọ̀ má dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Keje 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọjà òmìnira gbogbo Áfíríkà ní Niamey. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti bodè. Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣèlú kọ "ire orílẹ̀-èdè" sójú pátákó, wọ́n fa ìlà sí i nídìí, wọ́n ní òun ló fà á. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní, "Ire ta ni, sà?" Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní Kebbi jàǹfààní, àwọn tó ń lọ ìrẹsì jàǹfààní, màámi pàdánù, àwọn alágbàrù Sẹ̀mẹ̀ pàdánù. Gbogbo wọn, ọmọ orílẹ̀-èdè ni. Wọ́n ní ìbéèrè tó dáa ni, ká sọ ọ́ nígbà mìíràn. A ò tíì sọ ọ́.

Faransé: ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Láti ìlú jíjìn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá gbé ní French Village tó wà ní Àjárá, kí Faransé lè wọ̀ wọ́n lára. Ẹ̀yin ọmọ Àgbádárìgì ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lẹ́nu géètì wọn. Àmọ́ ní ọjà Dantokpa ní Kùtọnù, Ògù tí màámi ń sọ ń dín owó ọjà kù ju Faransé tèmi lọ.

Òfin òkun náà dùn. Nínú ìwé, máílì òkun méjìlá sí etíkun ni omi orílẹ̀-èdè, igba máílì ni ibi tó ní ẹ̀tọ́ sí ẹja àti ohun àlùmọ́nì, òfin Nàìjíríà sì fi márùn-ún àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré. Mo fi inú dídùn sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n màámi tó ń pẹja ní ìhà Gbẹ̀rẹ̀fù, tí ọkọ̀ ńlá ti fa àwọ̀n wọn ya rí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló ń wọn òkun lóru?"

Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè ò lè gba gbogbo wa, ẹ má tan ara yín. Àwọn tó ti jáde tí mo mọ̀ wà ní báńkì, àwọn kan ń bá oníṣòwò yanjú ìwé ẹrù ní Àpápá, ẹnì kan wà ní Abuja pẹ̀lú àjọ aláàánú, àwọn mìíràn ṣì ń wá.

Torí náà, ẹ̀yin tí Law já kulẹ̀: bí o bá ní ọ̀ràn kan tí kò jẹ́ kí o sùn, ìbáà jẹ́ ẹja, ìbáà jẹ́ epo, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó gba Líbíyà lọ, gba kọ́ọ̀sì yìí, o ò ní kábàámọ̀. Bó bá jẹ́ pé súùtù àti táì ambásẹ́dọ̀ lo rí tó wù ọ́, tún JAMB ṣe.

Èmi ti ń múra iṣẹ́ àṣekágbá mi báyìí. Ẹni tó máa bójú tó o ní wọ́n ti kọ̀wé lórí bodè jù, kí n kọ lórí Ukraine. Mo ní n kò mọ ẹnikẹ́ni ní Ukraine. A fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n wá gbà pé kí n kọ nípa àwọn obìnrin tó ń tajà láàárín Agbálátà àti Dantokpa, bí mo bá lè bá wọn sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Màámi ní àwọn á mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n mọ̀ lọ́hùn-ún, pé ṣùgbọ́n kí n ti wá owó ọkọ̀ ara mi sílẹ̀.