Àga méjì ṣófo, mo ní kò sáyè

Bí mo bá ń dirí, mo máa ń fi òòyà há irun oníbàárà kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ráyè. Gbogbo onídìrí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, nílùú Ìlọrin, ọmọ yunifásítì kan tí mò ń di ṣùkú fún fọwọ́ kan òòyà náà, ó ní, "Mọ́mì, nígbà kan ní Gúúsù Áfíríkà, irú nǹkan tó há sí mi lórí yìí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa kà séèyàn." Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kà.

Ó ní òfin kan jáde níbẹ̀ lọ́dún 1950 tó pín gbogbo ará ìlú sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: funfun, dúdú, àti àwọn tí wọ́n ní ó wà láàárín. Bí ti ẹnìkan bá rú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lójú, wọ́n lè ki pẹ́ńsùlù bọ irun rẹ̀. Bó bá jábọ́, ó di funfun. Bó bá há, ó tán. Àdúgbò tó máa gbé, ilé ìwé tó máa lọ, ẹni tó lè fẹ́, ọ̀wọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ló máa sọ ọ́. Ó wá sọ ti Sandra Laing fún mi. Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n irun ọmọ náà ta kókó, àwọ̀ rẹ̀ sì dú ju tiwọn lọ. Lọ́dún 1966, ọmọ ọdún 10 ni, wọ́n lé e kúrò nílé ìwé àwọn òyìnbó, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn funfun nínú ìwé ìjọba. Ọdún 1991 ni wọ́n tó wọ́gi lé òfin náà.

Ọmọ ọdún 10. Ọwọ́ mi dúró lórí irun.

Obìnrin Fúlàní kan wà tó ń kiri wàrà ládùúgbò wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń tà fún mi. "Ìyá onídìrí" ló ń pè mí. Bí mo bá ra mẹ́jọ, á fi èènì méjì sí i. Lóṣù tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, ọmọ náà ò tíì bọ́ aṣọ ilé ìwé. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi irun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí n bá òun di ṣùkú fún un. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan fà mí láṣọ, ó ní kí n má fi òòyà tí mo bá fi ya tọmọ yìí ya tòun o. Òmíràn gbé báàgì rẹ̀ sórí itan. Mo wo ìyá, mo wo ọmọ, mo ní, "Kò sáyè lónìí."

Àga méjì ló ṣófo. Ó rí àga méjèèjì. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá onídìrí," ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Mo ti ń wá àwíjàre láti ọjọ́ náà. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí. Bàbá mi ò lè dá lọ sóko mọ́ nítorí ajínigbé, bẹ́ẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ajínigbé nílé wa, Fúlàní ló máa tẹ̀lé e lẹ́nu. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé fẹ́ fi mí ṣe?

Tó bá sì jẹ́ Fúlàní là ń bẹ̀rù lóòótọ́, Ìlọrin kọ́ ló yẹ ká máa gbé. Ìran Álímì, àlùfáà Fúlàní, ló ń jọba níbí láti bí 200 ọdún. Bí ọmọ ilé ńlá kan nínú wọn bá yà sọ́dọ̀ mi, èmi ni n óò kọ́kọ́ kúnlẹ̀, n óò nu àga, àwọn oníbàárà yẹn kan náà á sì máa yin irun rẹ̀ pé ó rọ̀. Ó sì lé ní ogún ọdún díẹ̀ tí ìjọba Kwara pe àwọn àgbẹ̀ òyìnbó wá láti Zimbabwe, tí wọ́n fún wọn nílẹ̀ ní Shonga. Àjèjì pọ́ńbélé ni wọ́n. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọlé, mo mọ àga tí n óò gbé fún un, òòyà tuntun ni n óò sì yọ nínú ọ̀rá. Àwọn yẹn náà yàtọ̀ sí wa. Wọn ò ru igbá wàrà ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà yẹn lè bẹ̀rù títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnu mi ló sọ pé kò sáyè. Àwọn tó ṣe òfin 1950 yẹn náà ń bẹ̀rù, torí dúdú pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìjọba wà lọ́wọ́ wọn, ọlọ́pàá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ìbẹ̀rù tiwọn di ìgbésí ayé ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ba ọmọ oníwàrà náà lọ́jọ́ yẹn, mo rí i lójú rẹ̀. Kò sí ibi tóun náà ti lè lé ẹnikẹ́ni jáde.

Lánàá mo lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó máa ń sọ igbá kalẹ̀ sí. Mo ní kó má bínú, kó mú ọmọ wá, n ò ní gbowó. Ó ní àbúrò òun ti bá òun dì í. Mo ra wàrà mẹ́jọ. Ó ka mẹ́jọ sínú ọ̀rá, ó sì dé igbá rẹ̀.